Ohùn Kejì Lórí Ẹ̀jẹ̀ Dolápọ̀

Bàbá Ṣítù alágbàfọ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ fún Moróunkẹ́ pé kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run ni ikú ọmọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún méje báyìí tó sọ ọ́, ọmọ náà sì ti kú ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà. Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ni wọ́n wà, ní Ilé Ìwòsàn Ọmọdé tó wà ní Ẹ̀rìn-Odò, níbi tí àwọn ẹ̀rọ ti ń yí aṣọ ibùsùn po. Bàbá náà ti darúgbó, ó fẹ́ padà sí abúlé rẹ̀, kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dání lọ.

"Èmi ni mo lọ kó aṣọ nínú yàrá lọ́jọ́ náà," ló wí. "Mo gbọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe pe ọmọ rẹ. Wọn ò bi mí léèrè. Ta ló ń bi alágbàfọ̀ ní nǹkan?"

Ohun tó rí kò gùn. Ọmọbìnrin méjì ló sùn síbẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn, àwọn méjèèjì sì ń jẹ́ Àṣàkẹ́ lóríkì. Nọ́ọ̀sì kan gbé àpò ẹ̀jẹ̀ wọlé, ó dúró láàárín, ó sì fi ohùn oyin pè, "Àṣàkẹ́ mi dà?" Ọmọ Moróunkẹ́ ló yára jẹ́ ẹ, torí inú rẹ̀ dùn pé wọ́n kẹ́ òun. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ kejì ni wọ́n so mọ́ ọn lápá. Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ló ní kó lọ pọn omi gbígbóná wá. Nígbà tí Moróunkẹ́ fi máa gbé omi dé, ọmọ ti ń gbọ̀n, ó ń ké pé ẹ̀yìn ń dun òun, itọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí omi sóbò. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a láàyè.

Nínú ìwé, wọ́n kọ ọ́ pé ìyá ọmọ ló dáhùn lórúkọ ọmọ. Àtòkunwá ni Moróunkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tí omi lé kúrò létí òkun. Láyé ìgbà náà, àtòkunwá kò ní ohùn. Bó bá sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ níwájú Etí, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn tó sì ń gbà á sílẹ̀, Etí kì í gba ẹyọ kan sílẹ̀.

"Kí lorúkọ nọ́ọ̀sì náà?"

Bàbá Ṣítù ká aṣọ mẹ́rin kó tó fèsì. "Arínọlá," ló wí.

Láti ọjọ́ náà ni Moróunkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ A àti B. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni nígbà náà. Kò kọ́ ọ torí àtika ìwé ìròyìn. Òfin ti yí padà díẹ̀: àtòkunwá tó bá ka ìwé nọ́ọ̀sì yanjú lè gba ohùn.

*

Àná ni wọ́n fi ohùn rẹ̀ sínú Etí. Lówùúrọ̀ yìí, òun àti Kúdírátù, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kẹrin. Nọ́ọ̀sì Àgbà Arínọlá dúró ní ìgbèrí ibùsùn, ó ń kọ́ wọn. Ọmọ tó jókòó lórí ibùsùn náà, Dolápọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún méje ni, oògùn ti pa gbogbo irun orí rẹ̀, ó wá dán bí igbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

"Kúdírátù, wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí lo rí?"

"Àpá ni, mà, ó dúdú bí aró. Bí ẹni pé wọ́n fi pàṣán nà án."

"Ṣé wọ́n nà án?"

"Ta ló máa na ọmọ yín, mà? Ẹni náà á ṣàlàyé títí." Dolápọ̀ rẹ́rìn-ín. Kúdírátù ṣẹ́jú sí i kó tó máa bọ́ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ̀jẹ̀ ló ń jò lábẹ́ awọ. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ti gba àyè àwọn adíhò, kò sí ẹni tó máa dí ojú ọgbẹ́ mọ́."

Adíhò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára èèyàn.

"Ó dáa. Bí ẹ bá rí irú ẹsẹ̀ yìí nígboro, ẹ má sáré fẹ̀sùn kan ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Moróunkẹ́, ká ní ara ọmọ yìí gbóná, kí ni o ò gbọdọ̀ ṣe?"

"Mi ò gbọdọ̀ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ nídìí, mà. Mi ò gbọdọ̀ gún un lábẹ́rẹ́ nítan. Mi ò sì gbọdọ̀ ní kó di ìrọ̀lẹ́ ká tó pe dókítà. Ọmọ tí jagunjagun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tán, ibà kì í fún un láyè tó wákàtí kan."

"Àgbà akẹ́kọ̀ọ́," ni Arínọlá wí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Orí tó pẹ́ kó tó mọ̀wé, ó ń di ìwé mú."

Obìnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń dun Moróunkẹ́ jù nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ló fi ń wá ibi tí yóò ti bú u, kò rí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó máa ń mú un gbóná kó tó fi kan ọmọ. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ó máa ń kọ́ ìyá rẹ̀ bí yóò ṣe máa tẹ abẹ́ ìhà òsì ọmọ náà láràárọ̀, kó lè tètè mọ̀ bó bá wú. Kò sì dá Moróunkẹ́ mọ̀ rí. Láyé ìgbà náà, wọn kì í wo ojú àtòkunwá.

Lẹ́nu ọ̀sẹ̀ méjì tí Dolápọ̀ ti wà níbí, ọkàn Moróunkẹ́ ti ń rọ̀. Ọmọ náà máa ń ní kó wá bá òun jókòó, a sì máa fi orí rẹ̀ tó dán nù ún ní apá. Lánàá, bí wọ́n ṣe ń fi ohùn rẹ̀ sínú Etí, ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá kí òun jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ, kí òun máa ṣe iṣẹ́ òun.

"Màmá," ni Dolápọ̀ wí, "imú mi tún ti ń jò."

Ẹ̀jẹ̀ náà yọ́ wá lásán, kò pariwo, ó kán sórí aṣọ. Moróunkẹ́ ló sún mọ́ ọn jù. Ó tẹ orí ọmọ náà síwájú, ó fi owú sábẹ́ imú rẹ̀, ó fi ìka méjì fún ibi tó rọ̀ níbẹ̀ pọ̀, ó ní kó máa fi ẹnu mí, kó má gbé ẹ̀jẹ̀ mì.

Etí tó wà lára ògiri, tó ṣe róbótó bí ìkarahun ìgbín, tanná. Ohùn rẹ̀ tutù. "Adíhò ibùsùn kẹrin ti kù díẹ̀ gan-an. Ẹ fún un."

Arínọlá lọ síbi pẹpẹ tí àwọn àpò adíhò wà. Pẹpẹ náà kì í dúró jẹ́ẹ́, ó ń mì lọ mì bọ̀ bí abiyamọ tó ń rẹ ọmọ. Ó mú àpò kan, omi inú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Àgádágodo kékeré ló ti ẹnu àpò náà pa, kì í sì í ṣí àfi kí ohùn méjì pè é.

Kúdírátù ń wo àkọlé ara ògiri: A KÌ Í PE ORÍKÌ LÓRÍ Ẹ̀JẸ̀.

"Màmá, ẹ má bínú, mo fẹ́ béèrè. Kí ló fa òfin yẹn gan-an? Dolápọ̀ yìí, bí mo bá pè é ní Dolápọ̀, á ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. Bí mo bá ní Àjíkẹ́, kíá ló máa dáhùn."

"Òun náà ló fà á," ni Arínọlá fèsì, ó ń nu ara àpò náà. "Ọmọ kan kú níbí, ó ti pẹ́. Ìyá rẹ̀ ló fà á, àtòkunwá kan báyìí. Mo bi í lórúkọ ọmọ, ó ń yán lójú mi, ó ní Àṣàkẹ́. Kò tilẹ̀ wo apá ọmọ. Mo gba ọ̀rọ̀ ìyá gbọ́, mo so ẹ̀jẹ̀. Ọmọ méjì ló ń jẹ́ Àṣàkẹ́ níbẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Mo sunkún ọmọ náà ju ìyá rẹ̀ lọ."

Ìka Moróunkẹ́ ṣì wà ní imú Dolápọ̀. Kò mì. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò tilẹ̀ gbàgbé. Ó ti sọ irọ́ náà títí ó fi di ìtàn tó ń fi kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Nínú ìtàn náà, Moróunkẹ́ ń yán. Gbogbo rírọ̀ tó ti rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì padà le lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó yá," ni Arínọlá wí. "Èmi ni ohùn kìíní. Mi ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn pe ti ọmọ mi. Moróunkẹ́, ìwọ ni ohùn kejì, tirẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí. Má ṣe gbọ̀n." Ó gbé àpò náà sókè. "Etí, èmi Arínọlá Òkédìran. Ìfẹ́dolápọ̀ Òkédìran ló wà lára àpò yìí. Ìlà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, ọjọ́ rẹ̀ kò kọjá, kò dì, kò jò."

"Mo gbọ́ ohùn kìíní," ni Etí wí. "Ohùn kejì dà?"

Moróunkẹ́ tẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ náà. "Kí lorúkọ rẹ pátápátá?"

"Ìfẹ́dolápọ̀ Òkédìran," ni ọmọ náà sọ, imú rẹ̀ dí, ohùn rẹ̀ ń rọ́ bí ti ọ̀pọ̀lọ́.

Ó ka orúkọ tí wọ́n so mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ. Ó ka ara àpò. Ó tún un kà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fi ọdún pípẹ́ rà á. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Ọ̀rọ̀ kan ló kù kó sọ.

"Mo dá a dúró," ni Moróunkẹ́ wí.

Arínọlá wo àpò náà kíákíá. "Kí lo rí? Ó jò ni?"

"Kò jò, mà."

"Orúkọ ńkọ́?"

"Orúkọ bára mu, mà."

"Ẹni tó dá ẹ̀jẹ̀ dúró," ni Etí wí, "sọ ìdí rẹ̀."

"Ohùn kìíní kò ṣeé gbára lé. Ó ti ṣi ẹ̀jẹ̀ pè rí, ọmọ kú, ó sì dì í lé ìyá ọmọ lórí."

Pẹpẹ ń mì lọ mì bọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Arínọlá Òkédìran," ni Etí wí, "bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ohùn rẹ parí, àwọn yòókù á pè é. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn ẹ̀yin méjèèjì á sùn títí àwọn adájọ́ á fi jókòó lọ́túnla."

Kúdírátù ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Àwọn mẹ́ta péré ló ní ohùn ní ìhà odò yìí. Bí méjì bá sùn, òun nìkan ló kù, ohùn kan kì í sì ṣí àpò. Àwọn yòókù wà ní òdìkejì. Bí wọ́n bá gbéra nísinsìnyí, wákàtí méjì ni.

"Ìyá wa," ni Kúdírátù wí, ó rọra wí i, "ọmọ ni o. Ẹ fà á padà. Ẹ lè fà á padà."

"Mo mọ̀. Fún mi lówú mìíràn."

Èkíní ti kún. Kúdírátù fún un ní èkejì.

Arínọlá wá ń wo ojú rẹ̀ nísinsìnyí, ó wò ó dáadáa, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. "Ìwọ ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ìwọ ni obìnrin olómi gbígbóná."

"Èmi ni, mà. Ẹ̀yin lẹ rán mi."

"O jókòó ní kíláàsì mi fún ọdún mẹ́fà. O jẹ nínú oúnjẹ mi nígbà Iléyá."

"Ó dùn, mà."

"Àtòkunwá," ni Arínọlá wí, ó pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń tutọ́. "Ẹ ò ní yéé gbé iyọ̀ òkun kiri nínú ikùn. Ọmọ ọdún méje lò ń fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ̀san?"

"Ọmọ ọdún márùn-ún ni tèmi."

"Màá ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ta ló máa gbà ọ́ gbọ́? Etí kò sí nínú yàrá yìí nígbà náà."

"Kò sí, mà. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ká jọ dúró de lọ́túnla."

Owú kejì wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó pupa látòkè délẹ̀. Dolápọ̀ bì díẹ̀ sínú abọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbé mì ni, ó dì, ó dúdú. Moróunkẹ́ nu ẹnu rẹ̀, kò mú ìka kúrò ní imú rẹ̀. Ó fún un gan-an bí ó ti yẹ, kò le jù, kò sì dẹ̀. Ẹni tó ń wò látòkèèrè kò ní mọ̀ ju pé nọ́ọ̀sì rere kan ló ń tọ́jú ọmọ.

"Màmá Moróunkẹ́," ni ọmọ náà béèrè, "ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Máa fi ẹnu mí."

Owú kẹta. Nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, Moróunkẹ́ mọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà kò mọ̀. Ó mọ̀ pé bí owú kẹrin bá fi lè pọ́n, òun yóò sọ pé mo fà á padà, ọdún mẹ́fà yóò sì dà nù bí omi ìfọwọ́. Kò lè wo ọmọ kejì kó kú nínú yàrá yìí. Ó ń gbàdúrà pé kí obìnrin náà má rí i lójú òun. Ó mú ojú rẹ̀ le bí ojú òkúta ọlọ. Wọ́n ti fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò ó rí, lọ́jọ́ tó wólẹ̀ gbalaja níwájú àwọn adájọ́. Ó mọ bó ṣe ń rí.

Owú kẹta ń rẹ, díẹ̀díẹ̀.

"Mà," ni Kúdírátù sọ fún Arínọlá, omijé ti bọ́ lójú rẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ohùn yín lásán ni."

Arínọlá di irin ibùsùn mú. Ó wo Dolápọ̀, ó wo àpò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

"Sọ ọ́," ni Etí wí.

"Mo rán ìyá rẹ̀ lọ pọn omi. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mi ò wo ọwọ́ ọmọ, oríkì ni mo pè. Ó dáhùn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo ti mọ̀. Mo lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyá rẹ̀ ló dáhùn."

"Ta ni?" ni Moróunkẹ́ béèrè.

"Àṣàkẹ́."

"Oríkì nìyẹn, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Ẹ dárúkọ rẹ̀."

Arínọlá gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí.

Ọdún mọ́kànlá. Kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

"Abídèmí," ni Moróunkẹ́ wí. "Abídèmí Fámúyìwá. Ẹ pè é fún Etí."

"Abídèmí Fámúyìwá."

"Mo gbọ́," ni Etí wí. "Ohùn Arínọlá Òkédìran parí. Ohùn kìíní dà?"

Moróunkẹ́ gba àpò náà lọ́wọ́ obìnrin náà. Wọn kò fọwọ́ kanra. Ó pè é láìyára, Kúdírátù sì pe tirẹ̀. Àgádágodo ẹnu àpò náà ṣí, ó dún kọ́. Omi rúsúrúsú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nínú rọ́bà, ó ń lọ sí àyà ọmọ. Moróunkẹ́ fa àga, ó jókòó, ó fi ìka lé ọrùn ọwọ́ Dolápọ̀, ó ń ka bí ó ti ń lù. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ẹni tó so ẹ̀jẹ̀ kì í kúrò. Ó ń wò bóyá ara ń yún ọmọ, ó ń wá òtútù, ó ń bi í bóyá ẹ̀yìn ń dùn ún.

"Kò dùn mí," ni Dolápọ̀ wí.

"Ẹni tí kò ní ohùn," ni Etí wí, "kì í dúró nínú yàrá ẹ̀jẹ̀."

Arínọlá bọ́ ìborùn funfun rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì gbé e sórí àga tí kò sí ẹnikẹ́ni. Kúdírátù fẹ́ kúnlẹ̀ fún un, bí àṣà, ó kúnlẹ̀ dé ìdajì, kò mọ̀ bóyá kí òun parí rẹ̀. Arínọlá kò dúró dè é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ìloro, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò yára, kò fà.

"Màmá," ni Dolápọ̀ pè. "Ẹ ń lọ?"

Moróunkẹ́ gbé ojú sókè nígbà yẹn. Gbogbo ọdún tó fi ń ka ìwé, ojú obìnrin náà ló fẹ́ rí. Ó fẹ́ rí i gan-an ní àkókò tí yóò yíjú padà gbọ́ ohùn ọmọ tó kù sẹ́yìn, kí obìnrin náà sì mọ̀ bó ṣe ń rí láti fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò lè dìde lọ bá a, torí ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló tíì lọ.

"Màmá!"

Arínọlá rìn gba ìloro kọjá, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn, ó sì jáde sí oòrùn àárọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.